Ọjọ́ Mẹ́fà ní Fẹ́ẹ̀sì, àti Ẹni Tí Mo Ní Kó Dúró Dè Mí

Láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó bá rí mi ní àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀ ló ń béèrè bí ìrìn àjò ṣe rí, gbogbo wọn ni mo sì ń dá lóhùn pé ó dára, a dúpẹ́. Irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Ìlú náà dára. Ṣùgbọ́n ìdáhùn orí ìdúró ni ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, àfi kó jókòó.

Mùínátù ni orúkọ mi. Àfín ni mí. Bàbá mi dúdú, ìyá mi dúdú, àbúrò mi Ṣẹ̀rífà sì dúdú bí kóró iṣin. Èmi nìkan ni mo yàtọ̀ nínú ilé wa. Oòrùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi, ojú mi kò sì ríran jìnnà. Tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí afárá ní Òṣòdì, Ṣẹ̀rífà ló máa ń di ọwọ́ mi mú títí a ó fi tẹ ilẹ̀. Ó ti ń ṣe é láti kékeré, débi pé àwa méjèèjì kì í tilẹ̀ rántí pé ó ń ṣe é mọ́.

Èdè Faransé ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mo wà ní ọdún kẹta nígbà tí olùkọ́ wa obìnrin kan pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní àwọn kan fẹ́ ṣe àpérò ní Fẹ́ẹ̀sì, ìlú àtayébáyé kan ní Mòrókò, lórí bí oríṣiríṣi ènìyàn ṣe lè jọ máa gbé pọ̀ láìfi ojú tẹ́ńbẹ́lú ara wọn. Wọ́n ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Faransé.

Ó ní, "Mùínátù, ìwọ gan-an ló yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ."

Nígbà tí físà jáde, inú gbogbo ilé dùn, àyàfi ìyá mi. Wọ́n jókòó láàárín àwọn ike tí wọ́n ń tà, wọ́n ń wò mí.

"Ta ni yóò máa mú ẹ lọ́wọ́ níbẹ̀?"

"Màámi, mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún."

"Mo mọ iye ọdún ẹ. Ṣebí èmi ni mo bí ẹ. Mo ní ta ni yóò mú ẹ lọ́wọ́?"

Bàbá mi ló dáhùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ ọ̀rá tí wọ́n ti ń ṣe ṣíìfù dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Ìlú mùsùlùmí ni. Ẹni tó ń kírun bíi tiwa kò ní fi ọmọ wa sílẹ̀ lójú títì." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sọ́kàn wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ẹni tí wọ́n ń wá

Láti Kasablánkà, ìlú tí ọkọ̀ òfurufú wa balẹ̀ sí, ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ lọ sí Fẹ́ẹ̀sì. Àwa mẹ́fà la jókòó nínú yàrá ọkọ̀ náà, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta. Obìnrin kan tó kọjú sí mi tú ẹrù rẹ̀, ó mú búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ẹyin bíbọ̀ àti ọsàn kéékèèké jáde. Lọ́dọ̀ wa, tí a bá ń jẹun, a máa ń sọ pé, "Ẹ wá jẹun," ẹni tí a pè á dáhùn pé, "Á gba ibi ire," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Obìnrin yìí kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gé búrẹ́dì, ó ń fi í sí ọwọ́ kálukú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ ló mú kẹ́yìn.

Ó fi èdè Faransé bi mí bóyá ọmọ Faransé ni mí. Mo ní rárá, ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì fi Lárúbáwá sọ fún àwọn yòókù. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Wọn kò wò mí ní ìwò ìkà. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n wò mí, títí tí mo fi kọjú sí fèrèsé. Igi ólífì ló wà níta, òkè ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dà bí àwòrán tí omi ti dà sí lójú mi.

Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹnì kan yóò dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú pátákó tí orúkọ mi wà lára rẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan lọ́ọ̀ọ́kán tó gbé nǹkan funfun kan dání, ṣùgbọ́n n kò lè ka ohun tó wà níbẹ̀, ojú sì ń tì mí láti lọ tẹ imú mọ́ ìwé ẹni tí n kò mọ̀. Ọkùnrin náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Èrò ń dínkù. Nígbà tó yá, ó ku àwa méjì àti ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ó wá bá mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọmọbìnrin dúdú kan tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà?"

"Èmi ni."

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. "Rárá, ọmọ Nàìjíríà ni mò ń wá."

"Èmi náà ni. Mùínátù."

Yúsúfù ni orúkọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi já ẹrù gbà lọ́wọ́ mi. Láti ibùdókọ̀ títí a fi dé ẹnu odi ìlú àtijọ́, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Nígbà tó yá, èmi ni mo ń tù ú nínú. Ẹni tí a ṣẹ̀ ló tún wá ń ṣìpẹ̀.

Ògiri inú àwo

Tí ẹ bá rí ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n kó wa sí, ẹ ó rò pé ilé tálákà kan ni: ògiri lásán, ilẹ̀kùn kékeré tí ènìyàn ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Ẹ tẹrí ba wọlé, ẹ gbé orí sókè, àgbàlá ńlá ni, omi ń tú yẹ́ẹ́ láàárín rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà ló bo ògiri láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ lè dé, igi tí wọ́n fín ọnà sí ló sì wà lókè. Mo dúró níbẹ̀, mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan pé, "Wò ó!" Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

A tó ogójì. Wọ́n fún kálukú ní káàdì tí a fi kọ́ ọrùn. Ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi ń kí wa. Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kálukú ti rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ti Yúróòpù wá ń jókòó pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Sẹ̀nẹ̀gà ń fi èdè ilé wọn dápàárá. Tí mo bá jókòó ti àwọn àkọ́kọ́, wọ́n á bi mí bí Áfíríkà ṣe rí. Tí mo bá jókòó ti àwọn kejì, wọ́n á rọra yí sí èdè Faransé nítorí mi, ọ̀rọ̀ á sì tutù. Ayàwòrán àpérò náà nìkan ni kì í gbàgbé mi; á fi Faransé pè mí ní ọmọge: "Mademoiselle, ẹ bọ́ sí àárín."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ kẹta. Mo wé gèlè mi, mo sì tẹ̀ lé àwọn obìnrin àdúgbò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Inú mi dùn. Mo ní ibí ni n kò ti ní jẹ́ àlejò. Ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà na ọwọ́ dè mí. Ó ní àwọn tó wá wòlú kò gbọdọ̀ wọlé, mùsùlùmí nìkan ni. Mo ní mùsùlùmí ni mí. Ó mi orí. Mo bẹ̀rẹ̀ Fátíhà níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó ń bọ́ bàtà, n kò sì tíì dé ìdajì tó fi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní kí n má bínú. Mo kírun. Lẹ́yìn ìrun, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú ìfẹ́, ó ní, "Ìgbà wo lo gba ẹ̀sìn?"

Kúskúsù ni wọ́n ń jẹ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó jọ gààrí tí a fi omi gbígbóná rì, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Wọ́n to ẹran àgùntàn, kárọ́ọ̀tì àti elégédé lé e lórí. Kò sí ata rárá. Àwa mẹ́fà yí àwo ńlá kan ká. Àṣà wọn ni pé kí oníkálukú jẹ ti iwájú rẹ̀. Bí a ṣe ń jẹ lọ, ti àwọn yòókù ń já mọ́ ara wọn, èyí ń wọ tèyí. Kúskúsù tó wà láàárín tèmi àti tàwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló dúró bí ògiri, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bóyá wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Mo wo ògiri kékeré méjèèjì, mo sì fa ọwọ́ mi kúrò nínú àwo.

Ìyá mi pè lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, Màámi."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"A pọ̀, Màámi. A pọ̀ gan-an."

Ní ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fún wa láti fi wo ìlú. Mo jókòó sí àgbàlá, mo ń dúró kí ẹnì kan pè mí. Wọ́n ń jáde ní mẹ́ta mẹ́ta, ní mẹ́rin mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ní kí n má bọ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí n máa bọ̀. Nígbà tí ilé dákẹ́, mo dìde, mo lọ fúnra mi.

Ìyanu kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí n sọ. Àwọn ọ̀nà inú ìlú náà tóóró, ilé ga ní ọ̀tún àti òsì, wọ́n sì fi ọ̀pá àti ẹní bo òkè ibòmíràn. Oòrùn kò ríbi wọlé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo rìn níta ní ọ̀sán gangan láìdé fìlà, láìfi ọwọ́ ṣíji bojú. Mo ń rìn, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo, "Bàlák! Bàlák!" N kò mọ̀ pé "yàgò lọ́nà" ni. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru awọ ló gbá mi lẹ́yìn. Mo ṣubú, awò ojú mi fò jáde, mo sì gbọ́ bí pátákò ẹranko náà ṣe fọ́ ọ. Nígbà tí mo ṣa á, ojú kan ti di ẹ̀rúnrún. Fóònù mi kò ríbi gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín ògiri wọ̀nyẹn. Mo fọwọ́ tọ ògiri lọ títí mo fi dé àtẹ̀gùn kan tí ooru ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo jókòó. Mo sunkún díẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín.

Ibi tí àdúgbò ti ń yan búrẹ́dì ni. Àwọn obìnrin ń gbé ìyẹ̀fun pípò wá lórí pákó, ọkùnrin kan ń fi igi gígùn tì í sínú iná. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà gbé pákó rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi. Ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè, ó wo ojú mi, ó wo ìpéǹpéjú mi, ó wo irun tó yọ lábẹ́ gèlè.

Faransé rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní, "Báyìí ni ìyá ẹ ṣe bí ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wá."

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọjọ́ kẹrin tí mo dé ìlú náà nìyẹn, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó di ọwọ́ mi mú.

Sáádíyà ni orúkọ rẹ̀. A yà lọ́tùn-ún, a yà lósì, a gun àtẹ̀gùn, a wọ ilé kan tó ṣókùnkùn tó sì tutù. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí tìmùtìmù, ó ń fi òwú dárà sí aṣọ, aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Ó gbé orí sókè. Àfín ni.

Hanan ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó dìde, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ojú mi bí èmi náà ṣe máa ń sún mọ́ ìwé, ó sì gbé apá rẹ̀ ti apá mi. A jọ wò ó. Hanan kò gbọ́ Faransé, èmi kò sì gbọ́ Lárúbáwá kọjá ti orí ìrun. Ìyá rẹ̀ ló ń túmọ̀ fún wa pẹ̀lú Faransé rẹ̀ tó ń tiro. Hanan kò lọ sí ilé-ìwé kọjá ọdún kejì, nítorí kò rí ohun tí tíṣà ń kọ sójú pátákó, tíṣà sì ní ọ̀lẹ ni. Kì í jáde lọ́sàn-án. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ó ti rìn kọjá ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì ní ojúmọmọ.

Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀! Kí ni mo fi ń para? Ta ló ń ka pátákó fún mi ní kíláàsì? Ṣé àwọn ọkùnrin máa ń fẹ́ irú wa níyàwó lọ́dọ̀ wa?

Mo ní, "Àwọn mìíràn máa ń fẹ́ wa. Àwọn mìíràn máa ń sá."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ túmọ̀ ìyẹn, Hanan rẹ́rìn-ín tó fi ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní ìpara oòrùn tó wà nínú báàgì mi. Wọ́n fún mi ní tíì ewé míǹtì tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ ju omi lọ, mo sì mu ún tán.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní èmi ni n ó sọ̀rọ̀ ní àpérò lọ́la, nípa àwa àfín. Mo ní, "Ẹ wá gbọ́. Aago mẹ́wàá. Ẹ mú un wá, mà."

Sáádíyà kò fẹ́. Ó ní oòrùn ńkọ́, ó ní ojú àwọn ènìyàn ńkọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Hanan ń wo ẹnu mi, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó sì mọ ohun tí a ń sọ kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Òun ló dìde lọ mú fìlà koríko bàbá rẹ̀ wá, ó dé e lé gèlè rẹ̀ lórí, ó sì dúró níwájú wa. Ìyá rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.

Sáádíyà fúnra rẹ̀ ló mú mi padà dé ẹnu ilé àpérò, kó lè mọ ibẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo sọ fún obìnrin tó ń di ìwé orúkọ mú lẹ́nu ọ̀nà pé mo ní àlejò méjì. Ó ní òun yóò bi ọ̀gá òun. Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ ni wọ́n dé. Mo gbọ́ ohùn Sáádíyà kí n tó rí wọn. Hanan wọ aṣọ gígùn aláwọ̀ búlúù, fìlà bàbá rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣíji bojú nítorí ìmọ́lẹ̀.

Obìnrin oníwèé ní, "Orúkọ wọn kò sí níbí. Wọn kò ní káàdì."

"Àlejò mi ni wọ́n. Mo sọ fún yín."

"Mo gbọ́. Ọ̀gá kò tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kó di àsìkò ìsinmi."

Wọ́n pe orúkọ mi nínú. Mo ní ẹ jọ̀ọ́. Ó ní òun kọ́ ló ṣe òfin. Wọ́n tún pe orúkọ mi, ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn ènìyàn sì ti ń pàtẹ́wọ́ dè mí.

Mo kọjú sí Sáádíyà. "Ẹ dúró dè mí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré." Mo gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè kí Hanan lè rí i. Hanan náà gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tirẹ̀ sókè sí mi. Mo wọlé.

N kò lè ka ìwé tí mo kọ láti ilé, nítorí awò mi ti fọ́. Mo sọ èyí tó wà nínú mi. Mo sọ nípa ọmọbìnrin kan tí tíṣà pè ní ọ̀lẹ. Mo sọ pé kì í rí oòrùn, mo ní kì í ṣe oòrùn nìkan ló lé e wọlé. Mo tilẹ̀ sọ pé, "Ó wà lẹ́nu ọ̀nà yín báyìí." Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Mo rò pé ẹnì kan yóò dìde lọ ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n dìde lóòótọ́. Pàtẹ́wọ́ ni wọ́n dìde láti pa.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè, lẹ́yìn ìbéèrè ni àwòrán. "Mademoiselle, ẹ bọ́ sí àárín." Obìnrin kan di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún, kò sì jẹ́ kí n lọ. Kí n sọ òótọ́: inú mi dùn. Ọjọ́ márùn-ún ni n kò fi rẹ́ni bá jókòó, gbogbo wọn wá ń wá ọ̀dọ̀ mi wàyí. Mo jẹ́ kí wọ́n fà mí síhìn-ín, kí wọ́n fà mí sọ́hùn-ún. Nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Oòrùn ti yí dé orí òkúta ibi tí wọ́n dúró sí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Obìnrin oníwèé kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Wọ́n dúró. Oòrùn ló dé bá wọn. Ọmọ náà bi mí bóyá ìwọ ni ohùn tó ń jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní ìwọ ni. Ó wá bi mí pé kí lo ń sọ."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní nípa rẹ̀ ni."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ."

Lẹ́yìn ìyẹn

Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ mi yóò lọ. Láàárọ̀, Yúsúfù bá mi wá wọn. Lójú mi tí kò ní awò, gbogbo àtẹ̀gùn jọra, gbogbo ilẹ̀kùn jọra. A dé ibi mẹ́ta tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Ní ibi kẹta, ẹni tó ń ti búrẹ́dì sínú iná sọ fún Yúsúfù pé Sáádíyà pọ̀ bí iyanrìn ní ìlú yìí, Hanan sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúró láàárín ọ̀nà, mo kígbe, "Hanan!" Ọmọbìnrin mẹ́ta ló yọjú. Kò sí òun níbẹ̀. Yúsúfù wo aago rẹ̀, ó sì rọra gbé ẹrù mi.

Ní ilé, bàbá mi béèrè bóyá wọ́n ṣe mí dáadáa. Mo ní wọ́n ṣe mí dáadáa. Ìyá mi yẹ apá mi wò, wọ́n yẹ ọrùn mi wò bóyá oòrùn jó mi. Ṣẹ̀rífà nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "O ò bá ti jókòó tì wọ́n níta."

Mo ní, "Mo mọ̀."



Mo mọ̀ pé àwọn àgbà mùsùlùmí ilẹ̀ wa kan máa ń lọ ṣe ìbẹ̀wò sí sàréè ààfáà ńlá kan ní Fẹ́ẹ̀sì lọ́dọọdún. Bóyá ọ̀kan nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí yóò bá wọn lọ. Ẹ bá mi béèrè Sáádíyà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan búrẹ́dì nínú odi ìlú àtijọ́, Sáádíyà tó bí Hanan, àfín tó ń fi òwú dárà sí aṣọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá bá yín sọ ọ́, kó lè yé ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé mo jáde wá. Mo pẹ́, ṣùgbọ́n mo jáde wá.